Ọmọ Tó Ti Dàgbà àti Ogún Bàbá Rẹ̀

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí òbí bá fi ìwé ìhágún yọ ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà kúrò, àfi kí ọmọ náà lọ bẹ kóòtù. Heather Ilott ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ tó kú ní 2004 fi dúkìá tó sún mọ́ ìdajì mílíọ̀nù pọ́n-ùn sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ máa dájọ́ ní 2017, 50,000 pọ́n-ùn ló kàn án, ìyẹn náà nítorí pé kò rí jájẹ. Ní Ìjù, lẹ́bàá Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí bàbá tó ní oko kòkó bá kú láìṣe ìwé ìhágún, kò sí àgbà ẹbí tí yóò bi ọmọ ogójì ọdún bóyá owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ni, ó ti tán. Ẹ̀tọ́ yìí lágbára ju bí ọ̀pọ̀ ọmọ ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ àjọni ni, ibẹ̀ sì ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹjọ́ Súbérù Dáwódù ará Èkó ni àwọn lọ́yà máa ń tọ́ka sí. Ó kú ní 1940, ìyàwó mẹ́rin ló bí ọmọ mẹ́sàn-án fún un. Adájọ́ Jibowu ní kí wọ́n fi orí-ò-jorí pín dúkìá rẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba iye kan náà. Ilé ẹjọ́ tó gba ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kọ̀, ilé ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù náà sì fọwọ́ sí i ní 1962 pé ìdí-igi, ìyẹn pípín ní iye ìyàwó, ni àṣà Yorùbá, àyàfi bí olórí ẹbí bá rí i pé ìjà ń bẹ, tó sì yà sí orí-ò-jorí. Nípa ìdí-igi, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí yóò dá kó ìdá kan nínú mẹ́rin, àwọn ọmọ ìyá mìíràn, bí wọ́n tilẹ̀ pọ̀, yóò jọ pín ìdá kan. Lójú tèmi, èyí kò rọrùn fún ọmọ tó ní ọmọ ìyá púpọ̀. Síbẹ̀, nínú ọ̀nà méjèèjì, kò sí ọmọ tó lọ lọ́wọ́ òfo.

Àwọn kan á ní ọmọbìnrin ti lọ sílé ọkọ. Láti 1908 ni kóòtù Èkó ti sọ, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, pé obìnrin lè ṣe olórí ẹbí. Báwo ni wọn kò ṣe ní fún un ní ogún? Ní 2014, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà tún sọ nínú ẹjọ́ Ukeje pé àṣà tó bá fi ogún du ọmọbìnrin tako ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Àwọn mìíràn á ní bàbá ti kọ ìwé ìhágún. Òótọ́ ni pé ó lè fi ohun tó fi òógùn rẹ̀ rà ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n òfin ìwé ìhágún tí ìpínlẹ̀ Òndó jogún lọ́wọ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ fi àṣà sókè rẹ̀: ilẹ̀ tó jẹ́ ti ẹbí kì í ṣe tirẹ̀ láti fi tọrẹ. Bí ó bá sì jẹ́ pé kóòtù ló so bàbá àti ìyá pọ̀, tí kò sí ìwé ìhágún, òfin 1959 ti Ẹkùn náà lórí pípín dúkìá fún opó ní ìdá kan nínú mẹ́ta, àwọn ọmọ wọn ní ìdá méjì.

Ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé ọmọ kan kò lè dá ta oko tí wọn kò tíì pín. Ní ọjọ́ ìpín, àgbà ẹbí á kó àwọn ọmọ lẹ́yìn lọ sí ààlà, wọn á wo pèrègún dé pèrègún, ẹni kọ̀ọ̀kan á sì mọ tirẹ̀. Títí dìgbà náà, àjọni ni. Owó báńkì yàtọ̀: ìwé àṣẹ àbójútó dúkìá láti ilé ẹjọ́ gíga Àkúrẹ́ ni báńkì á béèrè. Bí olórí ẹbí bá dá ta ilẹ̀ láìsọ fún àwọn ọmọ, kóòtù lè fagi lé títà náà. Kí ẹni tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ tètè pẹjọ́, nítorí kóòtù kì í gbèjà ẹni tó jókòó wo olùrà títí tó fi kọ́lé tán.