Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Stafford, ojú irin àti kábúkábú

Ẹ̀yin ará wa ní Stafford, ṣé ẹ mọ̀ pé ibí yìí ni ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ ní Texas gúnlẹ̀ sí? Ọdún 1853 ni. Láti Harrisburg ni wọ́n ti tẹ́ irin náà dé Stafford's Point, nǹkan bí máìlì 20, kí wọ́n lè máa fi kó òwú àti ṣúgà. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ló ń ro oko wọ̀nyẹn. Kò yẹ ká gbàgbé. Irin ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì 90A títí dòní.

Nílé, ọdún 1901 ni rélùwéè láti Èkó wọ Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ onípákó gbòde, tí wọ́n ń pè ní bọ̀lẹ̀kájà. Ẹ gbọ́ ìpèníjà tó wà nínú orúkọ yẹn! Kábúkábú ní tirẹ̀ ni ọkọ̀ aládàáni tó ń gbé èrò láìkun ọ̀dà takisí. Ọ̀rọ̀ yìí bá wa dé Houston: ẹni tó bá ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé èrò, kódà kó jẹ́ Uber, kábúkábú là ń sọ pé ó ń ṣe.

Nílé bákan náà, èrò tó bá fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì dáńfó á ké pé, "Ó wà o!" Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí.