Nọ́ńbà Tí Ẹnìkan Fi Sílẹ̀: Ìtàn Muhammad Assaf Ọmọ Khan Younis

Ọ̀rọ̀ olórin kan ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ti máa bi ara wọn léèrè pé kí ló kan ojú ìwé àwọn Mùsùlùmí nínú ọ̀ràn orin. Ẹ ṣe sùúrù bá wa ká a lọ. Bí ẹ bá kà á dópin, ẹ ó rí i pé ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí kò tilẹ̀ fẹ́ràn orin rárá.

Muhammad Assaf ni olórin náà ń jẹ́, ọmọ ilẹ̀ Palẹ́sítínì ni. Ìlú Misrata ní Líbíyà ni a bí i sí ní 1989, ṣùgbọ́n láti kékeré ni àwọn òbí rẹ̀ ti mú un padà sí Gásà, ó sì dàgbà nínú àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Khan Younis. Ìlú àtijọ́ ni Khan Younis. Ní 1387 ni ìjòyè kan lábẹ́ àwọn ọba Mamluk, Yunus ni orúkọ rẹ̀, kọ́ ilé èrò síbẹ̀ fún àwọn oníṣòwò àti arìnrìn-àjò. “Khan” ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ orúkọ ìlú náà ni Ilé Èrò Yunus. Lẹ́yìn ogun 1948, àwọn èrò mìíràn tún dé, tí ilẹ̀ mọ́ bá tí wọn kò rí ilé padà sí. Nǹkan bí 35,000 ènìyàn ni ó forí pamọ́ sínú àgọ́ náà níbẹ̀rẹ̀. Àtọmọdọ́mọ irú wọn ni Assaf.

Gbogbo ilẹ̀ Gásà kò ju nǹkan bí kìlómítà 41 lọ ní gígùn. Láti 2007 ni Ísírẹ́lì ti sé e mọ́ lórí ilẹ̀, lójú òkun àti lójú ọ̀run, Íjíbítì pẹ̀lú sì máa ń ti ibodè Rafah tẹ́lẹ̀ nígbà tí ó bá wù ú. Ọmọ tí a bí síbẹ̀ lè ní ohùn dídùn bí ti ẹyẹ ìgbẹ́, kí ó má sì rí ọ̀nà tí yóò gbé e gbà jáde. Níbi ìyàwó ni Assaf ti ń kọrin, tí ó fi ń rí owó díẹ̀díẹ̀. Ìyá rẹ̀, olùkọ́ ìṣirò, kò fi ohùn náà ṣeré. Òun ni ó ń ki ọmọ láyà.

ODI ILÉ ÌTURA NÍ KÁÍRÒ

Ìdíje kan wà nígbà náà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n MBC máa ń ṣe láti Bèírútù fún àwọn ọ̀dọ́ olórin gbogbo ilẹ̀ Lárúbáwá. Arab Idol ni wọ́n ń pè é. Kí ọ̀rọ̀ “Idol” yẹn má bà yín lẹ́rù: lédè Lárúbáwá, “Mahbub al-Arab” ni orúkọ rẹ̀, èyí tí í ṣe Ààyò Àwọn Lárúbáwá. Fún ìdíje ti 2013, Káírò ni Assaf ní láti lọ kí wọ́n tó lè gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ọjọ́ méjì ni ó lò ní ibodè Rafah, tí ó ń bẹ ará iwájú, tí ó ń bẹ ará ẹ̀yìn, kí wọ́n tó jẹ́ kí ó kọjá. Nígbà tí ó fi dé ilé ìtura tí wọ́n ti ń gbọ́ orin, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Kí ni ọmọkùnrin yìí ṣe? Ó fo odi wọlé! Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fo odi kò tíì rí àyè. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe àwọn olórin wọlé lọ́dọ̀ àwọn onídàájọ́, wọ́n sì ti pín nọ́ńbà tán. Bí ó ti jókòó láàárín àwọn tí ń dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọrin. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ Palẹ́sítínì bíi tirẹ̀, tí òun náà wá díje, gbọ́ ọ. Ó dìde, ó sì gbé nọ́ńbà tirẹ̀ lé Assaf lọ́wọ́, nítorí ó mọ̀ pé ohùn tí òun gbọ́ yẹn yóò lọ jìnnà ju ti òun lọ.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀. Òun náà kúrò nílé, òun náà ní ohun tí ó ń wá. Ta ni nínú wa tí yóò dúró lórí ìlà láti òwúrọ̀, tí yóò sì fi àyè rẹ̀ fún ẹni tí ó pẹ́ dé, tí ó sì fo odi wọlé?

ÒRU ỌJỌ́ KEJÌLÉLÓGÚN OṢÙ JUNE

Nọ́ńbà tí a fi tọrẹ yìí ni ó gbé Assaf dé Bèírútù. Ó kọ orin ìfẹ́, ó kọ orin ìlú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní “Ali al-Keffiyeh”, Ragheb Alama, ọ̀kan nínú àwọn onídàájọ́, sì sọ ọ́ ní orúkọ ìnagijẹ tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì. Mahmoud Abbas, olórí àwọn ará Palẹ́sítínì, pàápàá rọ àwọn ènìyàn láti dìbò fún un. Ní June 22, 2013, òun, Ahmed Gamal ti Íjíbítì àti Farah Youssef ti Síríà ni ó kù sórí pèpéle. Assaf ni ó borí. Ní òru ọjọ́ náà, èrò kún ìgboro Gásà, Ramallah àti Jerúsálẹ́mù, wọ́n ń jó, wọ́n ń yin bànga sókè. Àjọ UNRWA, tí ń tọ́jú àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Palẹ́sítínì láti 1950, fi í ṣe aṣojú rẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́.

ÀWO ORIN ÀKỌ́KỌ́

Ní 2014 ni àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde láti ilé iṣẹ́ Platinum Records. “Assaf” ni àkọlé rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń retí pé orin ogun àti ẹkún ni yóò kún inú rẹ̀ yóò ya ẹnu, nítorí orin ìfẹ́ àti orin ayọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Àkọlé ọ̀kan nínú wọn, “Ayway Heghanni”, túmọ̀ sí “Bẹ́ẹ̀ ni, n ó kọrin”. Ọdún kan náà ni ogun ọjọ́ 50 jà ní Gásà, tí ó pa ènìyàn tí ó ju 2,000 lọ. Ẹnìkan lè sọ pé kò yẹ kí ọmọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa kọrin ìfẹ́. Èrò tiwa yàtọ̀. Wọ́n ń gbéyàwó ní Khan Younis bí a ti ń gbéyàwó níbòmíràn, níbi ìyàwó ni ohùn náà sì ti jáde. Ọmọ tí ó kọ orin ayọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ́rìí pé wọ́n wà láàyè.

Ti pé ṣé orin tọ́ fún Mùsùlùmí, àríyànjiyàn àtijọ́ ni. Ìjọba Hamas ní Gásà pàápàá kò kọ́kọ́ fi ojú rere wo ètò náà. Àwọn àgbà onímímọ̀ kan ka ọ̀pọ̀ ohun èlò orin léèwọ̀. Ibn Hazm ti Andalúsíà kò gbà pé èèwọ̀ ni. Imaamu Ghazali, tí ó kú ní 1111, wo ohun tí orin náà ń sọ àti ibi tí ó ń darí ọkàn sí kí ó tó dájọ́. A sì mọ̀ nínú hádíìsì pé àwọn ọmọbìnrin méjì ń kọrin ní ilé ìyá wa Aisha ní ọjọ́ ọdún, Abubakri fẹ́ lé wọn, Ànábì Muhammadu, kí ìkẹ́ Ọlọ́run àti ọlà Rẹ̀ máa bá a, sì ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀. Kí olúkúlùkù tọ áàfáà rẹ̀ lọ fún ìyókù.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò sí áàfáà tí yóò jiyàn lé lórí. Nínú Sura Hashr, Ọlọ́run yin àwọn ará Mẹ̀dínà tí wọ́n gba àwọn tí a lé kúrò ní Mẹ́kà, tí wọ́n sì fi wọ́n ṣáájú ara wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àìní wà lára àwọn náà. Ìwà yìí gan-an ni a rí nínú ilé ìtura ní Káírò.

Ní December 2023, ọmọ ogun Ísírẹ́lì wọ Khan Younis, wọ́n sì wó ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀. Orin Assaf kò lè dá ìyẹn dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ àwo orin ti 2014 yóò gbọ́ ohùn àgọ́ náà nígbà tí ó ṣì ń gbéyàwó. Orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ni a kọ sójú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí mọ̀ pé ẹnìkejì wà. Lọ́jọ́ tí ó bá kàn wá láti dìde kí a fi àyè wa fún ẹni tí ó tọ́ sí jù wá lọ, kí Ọlọ́run Ọba má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ wa há. Àmín.