Oògùn Tí A Ń Gbà Láti Ìdí àti Ọ̀rọ̀ Ààwẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó dá àìsàn, tí Ó sì dá oògùn. Ẹ̀yin ará mi nínú Islam, ọ̀rọ̀ yìí máa ń ti àwọn ènìyàn lójú, ṣùgbọ́n kò sí ìtìjú nínú bíbéèrè ẹ̀sìn. Ṣé ó tọ́ kí Mùsùlùmí gba oògùn láti ìdí? Bó bá wà lẹ́nu ààwẹ̀ ńkọ́?

Ẹni tó ń bì, tó dákú, tàbí tí gìrì mú, kò lè gbé oògùn mì. Bí a bá fipá dà á sí i lẹ́nu, ó lè bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú ìdí. Oògùn tí a bá ki síbẹ̀ á yọ́, á sì bá ẹ̀jẹ̀ lọ.

Ẹ wo ibà tí ẹ̀fọn ń fà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fọwọ́ sí i pé bí ibà líle bá mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6, tí abẹ́rẹ́ kò sì sí nítòsí, kí òṣìṣẹ́ ìlera ki artesunate sí i nídìí lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Bó bá jáde kó tó pé ìṣẹ́jú 30, wọn á ki òmíràn. Ẹ gbọ́ o: èyí kì í ṣe ìparí ìtọ́jú. Bí ara ọmọ bá tilẹ̀ fúyẹ́, ẹ má jókòó sílé. Ẹ má sì rọ àgbo tàbí ata sí ọmọ nídìí. Ó lè bó ìfun rẹ̀.

Ní ti ààwẹ̀, nínú mazihabu Imam Malik tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé nílẹ̀ Yorùbá, omi oògùn tí a rọ sí ìdí ń ba ààwẹ̀ jẹ́, a ó san án padà. Ṣùgbọ́n èyí tó le, tí kì í ṣe omi, kò bà á jẹ́. Àwọn onímọ̀ Shafi'i àti Hanafi ní méjèèjì ló ń bà á jẹ́. Ibn Taymiyyah ní tirẹ̀ sọ pé omi oògùn náà kò bà á jẹ́. Nítorí náà, mo rọ ẹni tí ara rẹ̀ lè dúró kó fi í di alẹ́. Ẹni tí kò lè dúró, kó gbà á lójú ẹsẹ̀: áyà 185 nínú Súrátul-Baqarah ti yọ̀ǹda fún aláìsàn láti san ààwẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ọmọdé kò tilẹ̀ jẹ gbèsè ààwẹ̀ kankan. Bí dókítà bá sì rí ìhòòhò aláìsàn nítorí ìwòsàn, kò sí ẹ̀ṣẹ̀, bí kò bá ti kọjá ibi tó yẹ.

Ààwẹ̀ ọjọ́ kan ṣeé san padà, ẹ̀mí kò ṣeé san. Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.