Èló Ni Ìbọn Bàbá Àgbà?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Èjìgbò, tẹ́ ẹ bá rí ìbọn àtijọ́ lájà bàbá àgbà, ẹ má tíì sáré gbé fọ́tò rẹ̀ sórí Facebook. Ẹ má fọwọ́ kan ohun ìyìnbọn rẹ̀ o, ọta lè wà níbẹ̀. Ẹ pe ọdẹ àgbà wá wò ó. Ṣé ẹnu ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù sí i bíi ṣakabùlà, àbí ẹ̀yìn ni ọta ń gbà wọlé, bíi Snider tí Èkìtì Parapọ̀ gbé lọ sógun Kírìjì (1877 sí 1893)? Martini-Henry, táwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́dún 1871, ní irin tí wọ́n ń fà lábẹ́. Tiwọn sábà máa ń ní àmì adé àti ọdún. Tó bá dípẹtà, ẹ má fi yanrìn bó o, kámi náà má baà pa rẹ́. Òfin ìbọn ọdún 1959 sì ń béèrè ìwé àṣẹ. Lójú tèmi, orúkọ ẹni tó ni ín ló níye lórí jù. Ẹ bi ìyá àgbà léèrè lónìí.