Ìmọ́lẹ̀ Bàìbàì: Ohun tí Ó Ń Da Ìrántí Ẹ̀rọ Rú nínú Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ti ọmọ ènìyàn ni n óò fi bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan wà tí ó ń ta ẹ̀wà ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ gbà mí o. Ọmọ mi kì í ṣe olè." Ọmọ náà ni ó ń tẹ̀lé ọkọ̀ kan tí ń gbé dísù lọ fún àwọn tí wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ ńlá. Ẹ̀rọ kan wà lára ọkọ̀ náà tí ń ka iye lítà tí ó bá gba ojú pọ́ǹpù jáde. Bí wọ́n bá ti já dísù fún oníbàárà tán, ẹ̀rọ náà á tẹ ìwé ẹ̀rí jáde, á sì tún ro iye náà pọ̀ mọ́ ti àtẹ̀yìnwá sínú ara rẹ̀ fún ọ̀gá láti wò. Láàárín oṣù méjì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àròpọ̀ inú ẹ̀rọ ju àròpọ̀ ìwé ẹ̀rí lọ. Ọ̀gá ní dísù ti jáde láì ní ìwé, ọmọ náà ni ó sì tà á. Ó lé e, ó gbẹ́sẹ̀ lé owó oṣù rẹ̀, ó sì ń pète àtikó ọlọ́pàá wá. Kò sí ẹni tí ó fi ọ̀pá wọn táǹkì. "Ènìyàn lè purọ́," ni ọ̀gá náà wí, "ẹ̀rọ kì í purọ́."

Mo lọ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n wo ìwé ìṣirò rẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò ni mí. N kò mọ ohunkóhun nípa ọkọ̀ nígbà náà. Ohun tí mo rí mú mi dákẹ́. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ìyàtọ̀ náà jẹ́ 512 lítà. Ní ìgbà kejì ó jẹ́ 2,048. Ẹ mú 1, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí ẹ sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ: 2, 4, 8, 16, 32, 64, 128, 256, 512. Bí ẹ bá tún ṣe é lẹ́ẹ̀mejì sí i, 2,048 ni ẹ óò bá. Olè wo ni ó ń wọn dísù báyẹn? Ìlọ́po méjì-méjì ni irú ẹ̀rọ wọ̀nyí fi ń kọ nọ́ńbà, nítorí àmì méjì péré ni wọ́n ní, òdo àti ọ̀kan, ipò kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po méjì ipò tí ó ṣáájú rẹ̀. Bí àmì kan ṣoṣo bá ṣèèṣì yí padà láti òdo sí ọ̀kan, iye tí yóò fò sókè gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn nọ́ńbà tí a kà yìí. Ti ìgbà kẹta kò bọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Ó jọ pé àmì bíi mélòó kan ni ó yí lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo kọ́ rí, tí ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ. Òun ni ó là mí lóye púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí.

Ẹ̀rọ tí a ń wí yìí ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní PLC. Èmi yóò máa pè é ní ẹ̀rọ adarí. Àpótí kékeré kan ni, tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé, tí wáyà wọ inú rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wò, kí ó sì máa pàṣẹ: bí táǹkì bá kún, kí pọ́ǹpù dúró, bí ilẹ̀kùn kò bá tì, kí mọ́tò má ṣe yí. Ní Amẹ́ríkà ni Dick Morley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1968. Èyí tí wọ́n pè ní Modicon 084 sì dé ọ̀dọ̀ General Motors ní 1969. Ẹ kíyè sí i pé ilé iṣẹ́ tí a ti ń ṣe ọkọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Iná ilé iṣẹ́, tí a ti tọ́ sọ́nà dáadáa, ni wọ́n ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n lóde òní ẹ óò bá a lára ọkọ̀ tí ń po kọnkéré, lára èyí tí ń gbẹ́ bọ́hóòlù, lára ọkọ̀ tí ń fi apá irin gbé ẹrù sókè, bátìrì ọkọ̀ ni ó sì ń bọ́ ọ.

Ìrántí rẹ̀ jẹ́ oríṣi méjì. Ọ̀kan dà bí pátákó ìkọ̀wé: ó yá láti kọ, ó yá láti parẹ́, bí iná bá sì ti lọ, gbogbo rẹ̀ á parẹ́. Èkejì dà bí ìwé tí a fi tàdáwà kọ, kì í parẹ́ bí iná tilẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó lọ́ra láti kọ. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ sọnù, irú bí àròpọ̀ lítà wa yìí, ni ẹ̀rọ máa ń dà kọ sínú ìwé náà. Ìwé yìí sì ní ìwà kan tí n kò fẹ́ràn. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, bí ẹ bá fẹ́ yí ọ̀rọ̀ kan padà, ẹ ó kọ́kọ́ pa gbogbo ojú ewé náà rẹ́, kí ẹ tó tún un kọ. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ láàárín pípa rẹ́ àti títúnkọ, ohun tí ẹ kò tilẹ̀ ní lọ́kàn láti fọwọ́ kàn lè bá a lọ.

Nígbà tí mo ń sọ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, àpèjúwe tí mo lò nìyí. Ọmọ kan jókòó nídìí àtùpà, ó ń da iṣẹ́ kọ. Bí àtùpà bá kú lójijì, ọmọ náà á gbé kálámù sílẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ìdajì ìlà kan ni kò ní pé. Ṣùgbọ́n bí epo bá ń tán lọ, tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ọmọ náà kò ní dúró. Yóò máa kọ lọ, yóò kọ ìlà lé ìlà lórí, yóò ba ojú ewé tí ó ti mọ́ tẹ́lẹ̀ jẹ́, yóò sì rò pé iṣẹ́ lòún ń ṣe. Bí ẹ̀rọ adarí ti rí gan-an nìyẹn. Òkùnkùn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní nǹkan. Ìmọ́lẹ̀ bàìbàì ni ó ń dà á lọ́pọlọ rú, nítorí pé nígbà náà ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ka àṣẹ dáadáa mọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí ìwé.

Níbo wá ni ìmọ́lẹ̀ bàìbàì ti ń wá nínú ọkọ̀? Ẹ dúró síwájú lọ́rì kan lálẹ́ nígbà tí dírẹ́bà bá ń ta á. Ẹ óò rí i pé iná iwájú rẹ̀ á rẹ̀ wálẹ̀, kí ó tó tún là. Sítátà ni ó ń jẹ iná bátìrì lájẹkì. Bátìrì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 12 ni a máa ń so pọ̀ nínú lọ́rì, kí wọ́n lè di 24. Àwọn tí ń ṣe òfin ìdánwò fún ẹ̀rọ inú ọkọ̀, nínú ìwé tí wọ́n pè ní ISO 16750-2, mọ̀ pé nígbà tí sítátà bá ń yí, iná lọ́rì lè já dé fóòtì 10 tàbí kí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ adarí ti ilé iṣẹ́ sì rèé: fóòtì 24 ni wọ́n kọ sára òun náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó lè fara dà kò ju láti 20.4 dé 28.8 lọ. Ibí yìí ni wọ́n ti ń tan ènìyàn jẹ láì mọ̀. Ẹni tí ń tà á á ní, "24 ni ọkọ̀ yín, 24 ni ẹ̀rọ yìí, ẹ so wọ́n pọ̀." Orúkọ wọn dọ́gba, ìwà wọn kò dọ́gba.

Ti ọkọ̀ dísù yìí tún ní tirẹ̀. Wọ́n ti so ẹ̀rọ adarí mọ́ wáyà kọ́kọ́rọ́. Bí dírẹ́bà bá ti yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, ẹ̀rọ á jí, á ka àròpọ̀ àná, á sì tún un kọ sínú ìwé. Dírẹ́bà tí kò ní sùúrù kì í dúró níbẹ̀. Yóò yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo títí dé ìparí, sítátà á sì fa iná wálẹ̀ ní ìgbà tí kálámù wà lórí ìwé. Bátìrì ọkọ̀ náà ti gbó. Àkọ́kọ́rìn mi sọ fún ọ̀gá pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó síhìn-ín kí ẹ máa wo nọ́ńbà." A ta ọkọ̀ náà, a pa á, a tún ta á, léraléra. Kò sí pọ́ǹpù tí ó yí, kò sí ẹ̀kán dísù kan tí ó jáde. Ní ìgbà kẹtàlá, àròpọ̀ lítà fò sókè lójú ọ̀gá náà. Iye tí ó fi fò jẹ́ 1,024.

Ọ̀gá bọ́ fìlà rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí wọ́n ti tún un ṣe, nítorí mo mọ̀ pé àwọn rìwáyà ń gbọ́ mi. Wọ́n kọ́kọ́ fa wáyà tuntun láti orí bátìrì wá tààrà, pẹ̀lú fíùsì tirẹ̀. Wáyà kọ́kọ́rọ́ kò bọ́ ẹ̀rọ mọ́. Ó wá di ìránṣẹ́ lásán, tí ń jẹ́ iṣẹ́ pé wọ́n ti ṣí ọkọ̀ tàbí wọ́n ti pa á. Lẹ́yìn náà wọ́n fi àpótí kan sáàárín, tí ó lè gba ohunkóhun láti fóòtì 9 dé 36, tí yóò sì máa fún ẹ̀rọ ní 24 gérégé. Nítorí ìgbà tí bátìrì bá rẹ̀ jù, wọ́n fi bátìrì kékeré kan sí i, wọ́n sì fi dáyódì ṣọ́ ọ. Dáyódì dà bí ẹnu ìgèrè tí a fi ń pẹja: iná lè gba ibẹ̀ wọlé, kò lè gba ibẹ̀ padà. Bí sítátà ti wù kí ó fà tó, kò lè rí ti bátìrì kékeré yẹn jẹ. Àwọn mìíràn a máa fi kapásítọ̀ ṣe é. Ó dára láti fi parí ìlà tí a ń kọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní tó títí tí ẹ́ńjìnì tí kò fẹ́ dáhùn yóò fi dáhùn.

Iná tí ó kéré nìkan kọ́ ni kí a bẹ̀rù. Bí orí wáyà bátìrì bá yẹ̀ nígbà tí ọ̀tánétọ̀ ń fún un ní iná, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn méjì ń fa okùn tí ọ̀kan ṣàdédé jù ú sílẹ̀. Nínú lọ́rì oní-24, bí kò bá sí ohun tí ó dí i lọ́wọ́, òfin ìdánwò kan náà ka ohun tí ó lè ta jáde sí fóòtì 151 dé 202, fún ìwọ̀n ìgbà tí kò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Rílè àti fáàfù pọ́ǹpù náà ń tapá bí a bá pa wọ́n. Nítorí náà wọ́n fi dáyódì sí ẹ̀yìn rílè kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi ẹ̀ṣọ́ ńlá kan sí ẹnu ọ̀nà iná, irú èyí tí ń gbé àpọ̀jù iná mì. Ńlá ni mo wí. Kékeré tí a yọ lára rédíò yóò jóná ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́dà jó irin lára ọkọ̀ láì kọ́kọ́ tú ẹ̀rọ adarí sílẹ̀. Mo ti bá àpótí dúdú kan pàdé tí ó ti ibẹ̀ kú.

Ìyẹn jẹ́ ti àtùpà. Ó ku ti ọmọ tí ń kọ̀wé. Ẹ̀ka kan máa ń wà nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí ń ṣọ́ iná, tí yóò di ọpọlọ mú pátápátá bí iná bá ti rẹlẹ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, títí iná yóò fi là. Ẹ bi ẹni tí ń tà á léèrè bóyá ó wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́rìn mi tún fi ojú mìíràn sí ẹ̀yìn òde, kí iná tó wọ inú àpótí, kí ìkìlọ̀ lè dé nígbà tí àyè ṣì wà láti kọ ìlà tí ó kẹ́yìn tán.

Èyí tí ó dùn mọ́ mi jù ni bí ó ti tún ọ̀nà ìkọ̀wé ṣe. Ojú ewé méjì ni ẹ̀rọ náà ń lò báyìí. Bí ó bá kọ sí èyí lónìí, tọ̀hún ni yóò kọ sí lẹ́yìn rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí èyí tí a kọ tẹ́lẹ̀ yóò máa wà láì fọwọ́ kàn nígbà gbogbo. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ nọ́ńbà ìjẹ́rìí kan tí ó ṣírò láti inú gbogbo ohun tí ó wà lókè rẹ̀, bí àwa olùkọ́ ti ń ro iye ọmọ tí ó wá pọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ́jísítà. Bí ó bá jí, yóò tún un rò. Ojú ewé tí ó bá bára mu tí ó sì tuntun jù ni yóò gbà gbọ́. Bí méjèèjì kò bá bára mu, kò gbọdọ̀ méfò. Pọ́ǹpù kò ní yí, iná pupa á sì tàn. Mo ti gbọ́ pé àwọn ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń rọra dá nọ́ńbà padà sí òdo láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn burú ju ẹ̀rọ tí ó kú lọ, nítorí pé ẹ̀rọ tí ó kú kì í fi ẹ̀sùn kan ọmọ ẹlòmíràn.

Nígbà tí wọ́n parí, a fi bátìrì tí ó ti gbó náà sílẹ̀ síbẹ̀ ní tìtorí ìdánwò, a sì ta ọkọ̀ ní ìgbà 100, pẹ̀lú dírẹ́bà aláìnísùúrù yẹn kan náà nídìí kọ́kọ́rọ́. Nọ́ńbà kò mì. Ọ̀gá san owó oṣù tí ó gbẹ́sẹ̀ lé, ó sì fúnra rẹ̀ lọ sí ilé ìyá ẹlẹ́wà lọ tọrọ àforíjì. Ọmọ náà gba owó rẹ̀, ṣùgbọ́n kò padà sẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó ti lọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀ kan.