Ọ̀dú Kì í Ṣàìmọ̀ Fólóko: Bí Ẹ̀fọ́ Ìbílẹ̀ Ṣe ń Padà Sórí Àtẹ

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbúre á ti yọ lẹ́yìn ilé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Ẹ̀bọ̀lọ̀ á tẹ̀lé e lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán. Tó bá fi máa di oṣù Keje, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú á ti kún ọjà débi pé ẹlẹ́fọ̀ọ́ á máa fún oníbàárà ní èènì kó tó béèrè, torí ẹ̀fọ́ tí kò bá tà lónìí, ewúrẹ́ ni yóò jẹ ẹ́ lọ́la. Bí ìgbà òjò ṣe máa ń rí nílẹ̀ Yorùbá nìyẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Irú ẹ̀fọ́ tó ń dé orí àtẹ ló yí padà. Ọmọ tí wọ́n bí sí ìgboro Ìbàdàn tàbí Èkó lóde òní lè dàgbà kó má mọ̀ ju tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti úgú lọ. Tí ẹ bá dárúkọ ìgbàgbá, ògúnmọ̀, wọ̀rọ̀wọ́ tàbí yánrin fún un, á ní kí ẹ júwe wọn. Àwọn àgbà ní ọ̀dú kì í ṣàìmọ̀ fólóko, ṣùgbọ́n ọ̀dú ti di àìmọ̀ fún ọmọ olóko. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, díẹ̀ nínú àwọn ẹ̀fọ́ wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú padà. Kì í ṣe oníwàásù ìlera ló mú wọn wá. Irúgbìn, ajílẹ̀ àti owó ọjà ló ṣe é.

Ká tó sọ bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, ó yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe lọ. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ohun tí àwọn àgbà ń gbìn. Orí ilẹ̀ tó bá ń sinmi ni wọ́n ti ń hù, obìnrin tó bá ń ti oko bọ̀ á sì já wọn sínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ kò ráyè sinmi mọ́, tí oògùn apakoríko sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ́, ẹ̀bọ̀lọ̀ àti ọ̀dú bá èpò lọ, nítorí oògùn kò mọ èyí tí à ń jẹ. Ti wọ̀rọ̀wọ́ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ́ ibòji kòkó ló fẹ́ràn, ó ń fà lórí ilẹ̀ bí ìtàkùn, èso rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ hù. Igi rẹ̀ ni wọ́n máa ń gé gbìn. Oko kòkó tí wọ́n bá dà wó láti fi kọ́lé, wọ̀rọ̀wọ́ inú rẹ̀ parun nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ irúgbìn dá kún un. Ìyá àgbà ló ń sá irúgbìn ìgbàgbá àti ògúnmọ̀, òun náà ló ń dì í pamọ́ sí ibi tí èéfín ààrò ti lè bá a kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Nígbà tí ìyá bá kú, tí àwọn ọmọ sì ti wà nígboro, kò sẹ́ni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti àwọn tó ń ta irúgbìn, tẹ̀tẹ̀ tó tó fà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni wọ́n ń tà, torí owó rẹ̀ tètè ń wọlé. Ojú tí a fi ń wo ẹ̀fọ́ náà tún wá bàjẹ́ sí i. Ó di oúnjẹ ẹni tí kò rówó ra ẹran. Bí àlejò bá dé, ìtìjú ni kéèyàn gbé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tí kò sí ẹran rẹpẹtẹ nínú rẹ̀ síwájú rẹ̀.

Ìjọba kò ṣàì ṣe nǹkan kan. Ọdún 1975 ni wọ́n dá NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí èso àti ẹ̀fọ́, sílẹ̀ ní Ìdí-Ìṣin, Ìbàdàn. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti ṣe gudugudu méje lórí àwọn ẹ̀fọ́ tó ti lọ́jà tẹ́lẹ̀. Àmọ́ àwọn tí kò lọ́jà ṣì wà lẹ́yìn.

Ní òkè òkun, ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ ti ń gbóná. Ní ọdún 2002, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé kó àwọn onímọ̀ jọ sí Geneva. Ìwé tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2003 ló sọ pé ó kéré tán, kí èèyàn máa jẹ 400 gíráàmù èso àti ẹ̀fọ́ lójúmọ́, kó lè dín ewu àrùn ọkàn, ìtọ̀ ṣúgà, sísanra jù àti àwọn jẹjẹrẹ kan kù. Ẹ fetí sí ibi tó kan ilé wa: iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀dùnkún kò sí nínú 400 gíráàmù yẹn. Ní 2006, ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjìnlẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn ẹ̀fọ́ Áfíríkà tí ayé ti gbàgbé. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ilá, ẹ̀gúsí àti irú ní orí tiwọn nínú rẹ̀. Ohun tí ìyá wa ń tà nídìí àtẹ ni ayé ń pè ní ìṣúra tó farasin.

Ọdún 2011 ni ọ̀rọ̀ tó dé oko àwọn àgbẹ̀ wa. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dara pọ̀ mọ́ Yunifásítì Manitoba àti ti Cape Breton ní Kánádà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní NICANVEG. Owó ìjọba Kánádà ni wọ́n fi ṣe é, ó sì parí ní 2014. Lára àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Dúródolúwa Oyèdélé ní Ifẹ̀ àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọdúnayọ̀ Adébóoyè, ẹni tó ti ń kọ̀wé lórí ẹ̀fọ́ ìbílẹ̀ Yorùbá tipẹ́ kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbàgbá, ògúnmọ̀, tẹ̀tẹ̀ àtètèdáyé àti úgú wà lára àwọn tí wọ́n gbájú mọ́.

Ará oko kò nílò ìwàásù pé ẹ̀fọ́ dára. Ó mọ̀ ọ́n ju oníwàásù lọ. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ irúgbìn, bí wọ́n ṣe máa gbìn ín, bí wọ́n ṣe máa gé e àti bí wọ́n ṣe máa tà á ni iṣẹ́ náà dá lé, láàárín àwọn àgbẹ̀ tí obìnrin pọ̀ nínú wọn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ gígé nìkan. Tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n bá fà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni owó rẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ìgbàgbá àti ògúnmọ̀ tí wọ́n bá fi ọ̀bẹ gé lókè, tí wọ́n fi kùkùté rẹ̀ sílẹ̀, á tún rúwé, á sì tún tó gé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó bá ní ebè márùn-ún péré á rí nǹkan tà nígbà púpọ̀ kí ewéko náà tó gbó. Ìgbà tí owó ti wọ ọ̀rọ̀ ni ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń pè ní ti aláìní di ohun tí wọ́n ń du ilẹ̀ sí.

Láti 2015 sí 2018, wọ́n tún ṣe òmíràn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ MicroVeg. Yunifásítì Parakou ní ilẹ̀ Benin àti ti Saskatchewan ní Kánádà wọ̀ ọ́. Ajílẹ̀ ni wọ́n gbájú mọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Bí àgbẹ̀ ṣe máa ń fọ́n ajílẹ̀ òyìnbó káàkiri ebè, òjò ló máa ń gbá púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ, èpò á sì jẹ nínú èyí tó kù. Ilẹ̀ Niger àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán ọ̀nà mìíràn wò lára ọkà: ìdérí ìgò ni wọ́n fi ń wọn ajílẹ̀, wọ́n á sì dà á sínú ihò irúgbìn kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà yìí ni MicroVeg gbé wọ oko ẹ̀fọ́. Àgbẹ̀ á la ojú ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀fọ́ tó tò, á bu ajílẹ̀ díẹ̀ sínú rẹ̀, á fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Gbòǹgbò á bá a níbi tó wà. Àpò ajílẹ̀ tí kò tó oko kan tẹ́lẹ̀ á wá tó ju oko kan lọ.

Ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú àwọn ará Benin kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Ìgbàgbá tí a kọ̀ sílẹ̀ lápá ibí ni wọ́n ń pè ní gbọma lọ́hùn-ún, ọba ẹ̀fọ́ ni lọ́jà Kútọ̀nù, ní Àjàṣẹ́ àti ní Lomé. Àwọn tó ń dá oko ẹ̀fọ́ láàárín ìgboro Kútọ̀nù gan-an kì í fi í ṣeré. Kódà ní Bahia ní Brazil, efó ṣì ni orúkọ ọbẹ̀ ewé tí wọ́n fi epo pupa àti edé gbígbẹ sè. Ẹni tó mọyì nǹkan kì í jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ òun.

Àgbẹ̀ ti ṣe tirẹ̀, ó wá ku ti ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ohun àkọ́kọ́ ni kéèyàn mọ àsìkò. Láti oṣù Kẹrin sí Keje, kò sí ìdí tí ilé kan fi máa jẹ irú ẹ̀fọ́ kan ṣoṣo láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú, nígbà tí gbúre, ẹ̀bọ̀lọ̀, ewédú, ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ wà ní ọ̀pọ̀. Bí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ìṣápá á dé, tí àwọn ará Èkìtì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀gúsí sè é. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewédú á gbówó lórí, torí bí ọ̀sán bá ti kúrú, kíá ló ń yọ òdòdó dípò ewé. Ẹ̀fọ́ àkùrọ̀ tí wọ́n ń fi agolo bomi rin lójoojúmọ́ ló ń gbà wá nígbà náà, owó omi àti òógùn náà sì máa ń wà lórí rẹ̀. Àmọ́ ewúro ẹ̀yìnkùlé kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó ní igi ewúro méjì kò lè ráhùn pé òun kò rí ẹ̀fọ́ jẹ nínú oṣù Kejì.

Ẹni tí kò ní ilẹ̀ náà lè gbìn ín. Àpò ìrẹsì tí iyẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà kún inú rẹ̀ tó fún gbúre. Ẹni tó bá fẹ́ gbin ewédú, kó mọ̀ pé èpo irúgbìn rẹ̀ le. Àwọn àgbẹ̀ máa ń dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á rì í bọ omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́wàá, wọ́n á yára yọ ọ́, wọ́n á sá a kí omi ara rẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó fọ́n ọn. Èyí tí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún, díẹ̀ ló máa hù nínú rẹ̀.

Ilé ìdáná ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. A máa ń rẹ́ ẹ̀fọ́ tán ká tó fọ̀ ọ́, a óò bọ̀ ọ́ pẹ́, a óò wá fún omi rẹ̀ dànù títí yóò fi gbẹ. Fítámì C àti fólétì tó ń ṣe aboyún lóore máa ń yòrò sínú omi, inú gọ́tà ni a sì ń dà wọ́n sí. Kí ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ, pàápàá èyí tó bá wá láti oko ẹ̀bá odò ìgboro. Èyí tí kò korò, ẹ má bọ̀ ọ́ rárá. Kó jẹ́ òun ló máa wọ ọbẹ̀ kẹ́yìn, kó sì kúrò lórí iná kí àwọ̀ ewé rẹ̀ tó ṣá. Káún tí a ń fi sínú ewédú kó lè rọ̀ kíákíá máa ń ba fítámì jẹ́. Ìjábẹ̀ nìkan tó iṣẹ́ yẹn. Ní ti epo, díẹ̀ kò burú, torí ara kò lè fa èròjà fítámì A inú ewé láìsí ọ̀rá. Àmọ́ ọbẹ̀ tí epo ti léfòó bò, ti ara rẹ̀ ló ń ṣe. Ẹni tí dókítà bá sì ti fún ní òfin oúnjẹ nítorí àrùn kíndìnrín, kó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fi kún ẹ̀fọ́ tó ń jẹ.

Ibi tó ṣòro jù ni àwo. Òkìtì ẹ̀bà ńlá pẹ̀lú ṣíbí ẹ̀fọ́ méjì kò lè dé 400 gíráàmù láéláé. Ìbéèrè tó yẹ kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ ni pé: ṣé ẹ̀fọ́ ni mò ń fi jẹ ẹ̀bà ni, àbí ẹ̀bà ni mò ń fi jẹ ẹ̀fọ́? Ẹ dín òkèlè kù díẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀fọ́ dípò rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ bá yín já a nídìí àtẹ. Ohun tí ọmọdé bá fọwọ́ ara rẹ̀ já, kì í ṣòro fún un láti tọ́ wò.

Owó ìjọba Kánádà ti tán, iṣẹ́ ìwádìí méjèèjì náà sì ti parí. Ẹni tó lè mú kí ìgbàgbá àti ògúnmọ̀ dúró sórí àtẹ báyìí ni ẹni tó ń ra ẹ̀fọ́. Ẹlẹ́fọ̀ọ́ kì í gbé ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè wá sọ́jà. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ yín lọ́jà tó ń bọ̀, ẹ bá wa béèrè ògúnmọ̀. Tí kò bá sí, ẹ ní kó bá yín mú un wá lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹ padà lọ rà á.