Ẹ̀jẹ̀ Ń Sọ̀rọ̀ Kí Èèrà Tó Dé

Bí èèrà bá ń ṣùjọ síbi tí ènìyàn tọ̀ sí, àgbàlagbà ilẹ̀ wa mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé. Ìtọ̀ ṣúgà ni àwọn kan ń pè é, àwọn mìíràn a sì máa pè é ní àtọ̀gbẹ. Orúkọ náà bá àrùn náà mu, nítorí ẹni tí ó bá mú a máa tọ̀ títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Èèrà kò parọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá jù lọ ẹ̀yin olùkọ́, fi sọ́kàn ni pé ẹlẹ́rìí tí ń pẹ́ dé ni èèrà.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Kíndìnrín kì í jẹ́ kí ṣúgà bọ́ sínú ìtọ̀ lásán. A máa sẹ́ ẹ, a sì dá a padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ìgbà tí ṣúgà bá ga tó nǹkan bí mílígíráàmù 180 nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan ni apá rẹ̀ kì í ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn wò ní òwúrọ̀ kí ó tó fi ohunkóhun kan ẹnu, tí ó sì tó 126, tí a tún un wò tí kò yàtọ̀, àrùn náà ti wọlé. Ènìyàn lè gbé e kiri fún ọdún púpọ̀ kí èèrà tó gbọ́, kí ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ sì ti máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn ará Yúróòpù pàápàá, ahọ́n ni wọ́n fi tọ́ ọ wò. Ní 1674, Thomas Willis, oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìtọ̀ àwọn aláìsàn wọ̀nyí dùn bí ẹni pé a po oyin mọ́ ọn. Ní 1776, Matthew Dobson ti ìlú Liverpool gbé irú ìtọ̀ bẹ́ẹ̀ kaná títí ó fi gbẹ, ohun tí ó ṣẹ́kù sì dùn bí ṣúgà. Ó tún ṣàkíyèsí pé omi inú ẹ̀jẹ̀ wọn náà dùn. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lóde òní, kì í ṣe ṣúgà nìkan ni a ń wá. Bí igi bá jó, ẹni tí ó bá wo eérú dáadáa yóò mọ̀ bóyá ó jó tán tàbí ó kàn rú èéfín. Bẹ́ẹ̀ ni ara ènìyàn rí. Oúnjẹ tí ara ń fọ́ tí ó sì ń lò a máa fi oríṣiríṣi èérún sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀, ẹ̀rọ sì wà nísinsìnyí tí ń fi ìwúwo wọn dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní Framingham, ìlú kan ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú ti ń yọ̀ǹda ara wọn fún ìwádìí ìlera láti 1948. Ní 2011, àwọn onímọ̀ gbé ìròyìn kan jáde nípa ènìyàn 2,422 tí ṣúgà wọn kò ga nígbà tí a kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò. Láàárín ọdún 12, 201 nínú wọn di alátọ̀gbẹ. Nígbà tí wọ́n padà sí ẹ̀jẹ̀ tí a ti gbà pamọ́, wọ́n rí i pé èérún márùn-ún, nínú irú èyí tí a ń rí nínú ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà, ti pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ lára àwọn tí àrùn náà padà mú. Ẹ̀jẹ̀ ti sọ̀rọ̀ ṣáájú!

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rò ó síwájú. Aláwọ̀ funfun ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ará Framingham wọ̀nyí. Ṣé bákan náà ni ẹ̀jẹ̀ wa yóò sọ ọ́? Ìbéèrè yìí kì í ṣe àríwísí. Ní 1968, Samuel Rahbar, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Ìráànì, fi hàn pé ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ yàtọ̀. Ṣúgà ni ó ń lẹ̀ mọ́ ọn. Láti ara èyí ni àyẹ̀wò A1c ti wá, tí ń sọ bí ṣúgà ti rí fún oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà á wọlé fún dídá àrùn náà mọ̀ ní 2011. Ní 2017 ni ìwádìí lára àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà 4,620 wá fi hàn pé, bí ṣúgà tilẹ̀ dọ́gba, A1c ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS a máa kéré ju ti ẹlẹ́jẹ̀ AA lọ. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó sì jẹ́ AS. A lè sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ó máa lọ ní àlàáfíà, nígbà tí àrùn ti jókòó sínú ilé rẹ̀.

Nítorí náà, ohun méjì ni a ń béèrè. Kí ìjọba àti àwọn yunifásítì wa ná owó sórí ìwádìí ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ àwọn ènìyàn wa, kí a má baà máa fi òṣùwọ̀n ẹlòmíràn wọn ara wa. Èkejì wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Títí àwọn àyẹ̀wò tuntun yóò fi tó wa lọ́wọ́, àyẹ̀wò òwúrọ̀ ṣì wà. Kí ẹni tí òbí rẹ̀ ní in, àti ẹni tí ó sanra jù, lọ ṣe é; kí ó sì sọ irú ẹ̀jẹ̀ tí ó ní fún dókítà. Kí olùkọ́ sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ nílé. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Ẹ má ṣe dúró de èèrà.